Àkọ̀ Awọ fún Revolver Ńlá Lábẹ́ Aṣọ: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́

Ìbọn tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni Smith & Wesson Model 629, revolver, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí àgbá ọta rẹ̀ ń yí, onírin tí kì í dípẹtà, tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ní íǹṣì 4, tí àgbá ọta rẹ̀ sì ń gba ọta .44 Magnum mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi kan ni wọ́n ni ín. Wọ́n ń sin ewúrẹ́ àti màlúù díẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn ní ìwọ̀-oòrùn Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ ti di ìyọnu ńlá fún àwọn àgbẹ̀. Àwọn ẹran wọ̀nyí máa ń hú ilẹ̀ pápá bí ìgbà tí katakata bá ro ó mọ́jú, wọ́n máa ń pa ọmọ ewúrẹ́ jẹ, akọ wọn tí a bá sì há mọ́ kọ̀rọ̀ lè kọlu ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n fi yan ọta tí ó lágbára, tí wọn kò sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí ìbọn kékeré. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi, tí mo ń fi awọ ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ̀yìn ilé mi, kò ju gbólóhùn kan lọ: "Àbúrò mi, bá mi ṣe àkọ̀ tí n ó wọ̀ lọ sí oko, tí n ó tún wọ̀ dé ìlú lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ojú burúkú wò mí níbi tí mo ti ń ra oúnjẹ ẹran."

Kí n tó mú ọ̀bẹ ìgé awọ, a kọ́kọ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ òfin, nítorí pé òfin náà ní ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ àkọ̀. Òfin tí Texas ṣe ní ọdún 1995 ni ó dá ìwé àṣẹ gbígbé ìbọn ìléwọ́ lábẹ́ aṣọ sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tí ó bá ti pé ọdún 21, tí òfin kò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé e láì gba ìwé àṣẹ. Ẹ̀gbọ́n ṣì ní ìwé àṣẹ tiwọn, inú mi sì dùn sí i, nítorí pé ẹ̀kọ́ àti ìdánwò ìbọn yíyìn tí ó wà nínú rẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá máa gbé ìbọn láàárín àwùjọ. Òfin sọ pé bí ìbọn bá hàn síta, inú àkọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wà. Ó tún ka ìbọn léèwọ̀ ní ilé ẹjọ́, ní ilé ẹ̀kọ́, àti ní ilé ọtí tí ó lẹ pátákó 51% (àmì pé ọtí ni ó ń mú èyí tí ó ju ìdajì owó rẹ̀ wá) mọ́ ògiri; oníṣòwò tí ó bá sì gbé pátákó 30.06 (ti ìbọn abẹ́ aṣọ) tàbí 30.07 (ti ìbọn tí ó hàn síta) sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti sọ pé òun kò fẹ́ ìbọn nínú ilé òun. Ìtumọ̀ èyí fún iṣẹ́ mi ni pé yóò di dandan fún ẹ̀gbọ́n láti yọ ìbọn kúrò lára lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n tì í mọ́ inú àpótí irin tí ó wà nínú ọkọ̀. Nígbà tí ènìyàn bá ń ki ìbọn bọ àkọ̀, tí ó tún ń yọ ọ́ síta nínú àyè tóóró báyìí ni ìka tàbí aṣọ máa ń kọ́ tírígà. Nítorí náà, mo pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣeé bọ́ kúrò lára ìgbànú pẹ̀lú ìbọn nínú rẹ̀, kí tírígà má sì ṣí sílẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ará wa fi sọ́kàn. Ẹni tí ó wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò tàbí ti ẹ̀kọ́, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láàyè láti ní ìbọn, àfi nínú àwọn àyè díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti ọdún 1959 ka revolver àti ìbọn ìléwọ́ yòókù mọ́ àwọn ohun ìjà tí a fòfin dè fún aráàlú. Ní Ìlú Ọba, òfin ọdún 1997 ti gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Texas ni iṣẹ́ tí mo ń kọ yìí ti wáyé, Texas náà ni ó sì bá mu.

Ibi tí ìṣòro wà

Ẹni tí kò tíì gbé revolver ńlá rí máa ń rò pé gígùn ọ̀pá rẹ̀ ni yóò ṣòro láti fi pamọ́. Ọ̀pá kì í dá wàhálà púpọ̀ sílẹ̀: ìsàlẹ̀ ìgbànú ni ó wà, ó tẹ̀ lé itan, ṣẹ́ẹ̀tì tí ó bá gùn díẹ̀ sì ti bò ó. Ohun méjì ni ó ń tú àṣírí. Èkíní ni àgbá ọta, tí ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 43 nínú irú ìbọn yìí, nígbà tí irin òkè Glock 19, ìbọn ìléwọ́ pẹlẹbẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé, kò ju mìlímítà 25.5 lọ. Èkejì ni ìdí ìbọn, tí ó nà sẹ́yìn, tí ó sì máa ń ti aṣọ síta nígbàkígbà tí ẹni tí ó gbé e bá bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀. Ìwúwo ni ó wá ń mú méjèèjì burú sí i. Láì sí ọta nínú rẹ̀, Model 629 yìí wúwo tó áúnsì 41.5, ìyẹn bíi kílò 1.18, bí ọta mẹ́fà bá wọ inú rẹ̀, ó di bíi kílò 1.3. Bí àkọ̀ kò bá fà á mọ́ ara dáadáa, ìwúwo yìí yóò fa ìdí ìbọn síta kúrò ní ìhà, ṣẹ́ẹ̀tì yóò sì yọ góńgó níbẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo yàn lẹ́yìn èyí, láti orí irú àkọ̀ títí dé orí òwú ìránṣọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi wọ̀n wọ́n: ṣé yóò fa àgbá ọta àti ìdí ìbọn mọ́ ara, tàbí yóò jẹ́ kí wọ́n fì síta?

Àwọn irú àkọ̀ tí a gbé yẹ̀ wò

Àkọ̀ abẹ́ abíyá ni ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ó ní ìwà rere kan tí kò ṣeé sẹ́: ó ń pín ìwúwo sórí èjìká méjèèjì, ó sì rọrùn fún ẹni tí ó ń wakọ̀ jìnnà. Ṣùgbọ́n a kò lè wọ̀ ọ́ láì wọ jákẹ́ẹ̀tì lé e, jákẹ́ẹ̀tì tí a kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ láàárín èrò, nínú ooru oṣù kẹjọ ní Houston. Yàtọ̀ sí èyí, bí a bá gbé ìbọn tí ó gùn tó báyìí sí abẹ́ abíyá ní ìdábùú, ẹnu rẹ̀ yóò máa kọjú sí ẹni tí ó bá dúró lẹ́yìn wa. Bí a bá sì gbé e ní òòró, àgbá ọta yóò dúró lórí egungun ìhà gan-an, yóò sì máa gún un ní gbogbo ìgbà tí a bá yí ara padà.

Àkọ̀ inú ṣòkòtò ni ó ń fi ìbọn pamọ́ jù lọ, mo sì máa ń dámọ̀ràn rẹ̀ fún ẹni tí ó ní revolver kékeré ọlọ́ta márùn-ún. Fún èyí tí a ń sọ, ṣòkòtò gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i ní ìbàdí kí ó tó gba irin tí ó nípọn tó mìlímítà 43 pẹ̀lú awọ tí ó yí i ká, àgbá ọta yóò sì bọ́ sí àárín ìgbànú àti egungun ìbàdí. Ẹni tí ó ń gun ọ̀gbà wáyà, tí ó ń gbé àpò oúnjẹ ẹran, kò lè fara da ìyẹn di ìrọ̀lẹ́. Ìwájú ikùn kò tilẹ̀ yẹ ní dídárúkọ fún ìbọn oní-íǹṣì 4 tí ó tóbi báyìí, nítorí pé a kò ní lè jókòó.

Àkọ̀ ìdàkejì, èyí tí a ń kó sí ẹ̀gbẹ́ òsì tí ọwọ́ ọ̀tún yóò sì kọjá ikùn láti fà á, dára púpọ̀ fún ẹni tí ó wà lórí ìjókòó ọkọ̀ tàbí lórí ẹṣin. Mo gbé èyí yẹ̀ wò pẹ́. Ohun tí ó jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ ni pé ìdí ìbọn kọjú síwájú, níbi tí ẹni tí ó bá dojú kọ wá ti lè nawọ́ gbá a mú, àti pé bí a bá ń fà á jáde, ẹnu ìbọn máa ń kọjá lára ẹni tí ó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì wa. Àkọ̀ àyà, tí àwọn ọdẹ ń lò ní igbó Alaska, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ti àpò ìgbékọ́, n kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá: àpò tí a lè gbé kalẹ̀ ni a lè gbàgbé, ilé tí ọmọdé bá sì wà kò gba irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku àkọ̀ ìbàdí ọ̀tún, lẹ́yìn egungun ìbàdí díẹ̀. Ìrísí méjì ni ó wà níwájú mi. Èyí àkọ́kọ́ ni èyí tí agbófinró Tom Threepersons àti aránwọ tí ń jẹ́ S. D. Myres gbé jáde ní El Paso, ní Texas níbí gan-an, ní àwọn ọdún 1920: awọ kan ṣoṣo tí a ká, tí a rán ní etí kan, tí a fi ojú ihò kan kọ́ sára ìgbànú, tí a gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí òrùka tírígà àti òòlù ẹ̀yìn ìbọn lè yọ síta. Ó lẹ́wà, ó sì yá ní fífà, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni ó ti di ìgbànú mú, nítorí náà ìbọn wúwo máa ń fì síta nínú rẹ̀, tírígà rẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ kò sì bá ọ̀nà tí mo ń gbà ṣiṣẹ́ mu. Èkejì ni èyí tí aránwọ Roy Baker sọ di olókìkí ní àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ń pè ní pancake: awọ méjì ni a pa pọ̀, tí ìbọn wà láàárín, tí a rán iwájú àti ẹ̀yìn, tí awọ náà sì ní ìyẹ́ méjì tí ó fẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Nígbà tí ìgbànú bá mú ìyẹ́ méjèèjì, tí a sì dì í, ńṣe ni àkọ̀ náà máa ń tẹ̀ kọrọdọ tẹ̀ lé ara. Bí ìyẹ́ bá ṣe fẹ̀ tó ni ìbọn ṣe ń sún mọ́ ìhà tó. Mo mú èyí.

Kydex, irú ike líle tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe àkọ̀ báyìí, kì í mu òógùn, kì í sì í yí padà. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Fún ìbọn pẹlẹbẹ, ó ṣòro kí awọ tó borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí àgbá ọta tí ó yọ gbùngbù, ike kò ní rọ̀ mọ́ ara bí awọ ṣe ń rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Gíga àti ìdàgẹ̀rẹ̀

Ibi tí àgbá ọta yóò dúró sí ní ìwọ̀n ìgbànú ni ó gba àkókò mi jù nínú gbogbo ètò náà. Bí a bá gbé ìbọn ga, ọwọ́ tètè máa ń kan ìdí rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ kò sì ní yọ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n inú àgbá ọta àti férémù (irin àárín tí ó gbé àgbá ọta dúró) ni ọ̀pọ̀ ìwúwo wà, bí ìyẹn bá sì ti ga ju ìgbànú lọ, òkè yóò wúwo ju ìsàlẹ̀, ìdí ìbọn yóò sì wó síta. Bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù, yóò dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n àgbá ọta yóò wà lábẹ́ ìgbànú gan-an, ìgbànú yóò máa tì í wọnú egungun, ìka kò sì ní rí àyè di ìdí ìbọn mú dáadáa. Mo jẹ́ kí ìdajì àgbá ọta wà lókè etí ìgbànú, kí ìdajì wà nísàlẹ̀. Ọ̀pá oní-íǹṣì 4 ràn mí lọ́wọ́ níhìn-ín ju bí ọ̀pá kúkúrú ì bá ti ṣe lọ, nítorí pé ó gùn tó láti fara ti itan, tí ìfarati yẹn sì ń dí òkè lọ́wọ́ láti wó síta.

Ti ìdàgẹ̀rẹ̀, dígíríì 15 síwájú ni àwọn aránwọ máa ń lò jù. Mo dín in kù sí 12. Bí ìbọn bá dà gẹ̀rẹ̀ síwájú, ìdí rẹ̀ yóò gòkè tẹ̀ lé egungun ìhà, kò sì ní yọ sẹ́yìn bí a bá bẹ̀rẹ̀; ṣùgbọ́n bí ó bá dà jù, ẹnu ìbọn ni yóò yọ sẹ́yìn lábẹ́ ìpẹ̀kun ṣẹ́ẹ̀tì.

Awọ àti ìgé

Awọ màlúù tí a fi omi èèpo igi pa ni mo lò, láti ilé iṣẹ́ Hermann Oak ní St. Louis, tí ó ti wà láti ọdún 1881. Awọ tí a fi kíróòmù pa rọ̀, ó sì máa ń lẹ́wà lára báàgì, ṣùgbọ́n kì í gba ìrísí tí a bá fún un pẹ̀lú omi, iyọ̀ inú rẹ̀ sì lè ba ara irin jẹ́ bí ìbọn bá pẹ́ nínú rẹ̀. Mo yan èyí tí ó nípọn tó áúnsì 8 sí 9 gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣòwò awọ ti ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn mìlímítà 3.2 sí 3.6. Fún ìbọn kékeré, áúnsì 6 sí 7 ti tó. Níhìn-ín, awọ tínrín yóò rọ̀ kí ọdún tó yí po.

N kò fi ìbọn gidi ṣe ìdíwọ̀n. Ère oníke búlúù tí wọ́n ń ṣe fún àwọn aránwọ àti olùkọ́ ni mo fi ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin; ó bá ìbọn náà mu ní ìrísí, kò sì lè yìn láéláé. Mo gbé ère náà sórí bébà líle, mo fa ìlà yí i ká, mo sì fi ìdajì ìnípọn rẹ̀ kún un ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú ìnípọn awọ. Ní ibi àgbá ọta, èyí túmọ̀ sí pé ojú ìránṣọ jìnnà sí ìlà àkọ́kọ́ ní nǹkan bíi mìlímítà 25, nígbà tí kò ju bíi 16 lọ níbi ọ̀pá. Bí a bá fi ìwọ̀n kan náà yí gbogbo rẹ̀ ká, àgbá ọta kò ní wọlé, ọ̀pá yóò sì máa mì pẹkẹpẹkẹ.

Lẹ́yìn náà ni mo ní láti yan ìhà tí gbùngbù àgbá ọta yóò yọ sí. Ọ̀pọ̀ aránwọ máa ń jẹ́ kí awọ inú dúró pẹrẹsẹ, kí gbogbo gbùngbù náà yọ sí awọ òde, pé ó tura fún ara. Fún ìbọn pẹlẹbẹ, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn egungun ìbàdí, ara ènìyàn ní kòtò kan, láàárín egungun yẹn àti ìṣàn ẹ̀yìn. Bí awọ inú bá gba díẹ̀ nínú gbùngbù àgbá ọta, yóò bọ́ sínú kòtò náà, ohun tí yóò sì hàn lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì yóò dín kù. Nítorí náà, mo pín in: awọ òde gba bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta, awọ inú gba ìyókù. Mo ka èyí sí ìpinnu tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìrísí àkọ̀ náà.

Awọ inú gùn sókè ju ti òde lọ, kí òógùn má baà kan irin, kí òòlù má sì máa ha ara. Níbẹ̀ ni nǹkan kan wà tí ẹni tí ó bá ń ṣe àkọ̀ fún Smith & Wesson gbọ́dọ̀ mọ̀. Bọ́tìnì tí a ń tì láti ṣí àgbá ọta wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ìbọn, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí ara bí a bá gbé e sí ìbàdí ọ̀tún, iwájú ni a sì ń tì í sí. Nígbà tí a bá ń fa ìbọn jáde, ìbọn ń lọ sẹ́yìn, awọ sì dúró sójú kan. Bí awọ bá fara pa bọ́tìnì náà, yóò tì í síwájú, àgbá ọta sì lè ṣí ní àkókò tí a nílò rẹ̀ jù. Mo gé awọ inú ní ìtẹ̀kọrọdọ yí bọ́tìnì náà ká, kí àyè tí ó tó ìka kékeré wà láàárín wọn.

Rírán

Mo lẹ ìtìlẹ́yìn awọ kan mọ́ ẹnu àkọ̀ ní ìhà òde, kí ẹnu náà lè dúró ní ṣíṣí bí ìbọn kò bá sí nínú rẹ̀, nítorí pé ẹnu tí ó bá pa dé ń mú kí ènìyàn fi ọwọ́ kejì wá a, ọwọ́ yẹn a sì kọjá níwájú ẹnu ìbọn. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ awọ méjèèjì pọ̀ ní etí, mo fi ìlu lu ihò mẹ́fà sí íǹṣì kan, mo sì rán an pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì tí ń kọjá nínú ihò kan náà láti ìhà méjèèjì, pẹ̀lú òwú tí a fi ìda pa. Ìránṣọ ọwọ́ yìí lọ́ra ju ti ẹ̀rọ lọ, ṣùgbọ́n bí ojú kan bá já, ìyókù kì í tú. Ní iwájú òrùka tírígà, mo rán ìlà kejì sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìwúwo ìbọn ti ń fà.

Ní ti ohun tí yóò di ìgbànú mú, àkọ̀ pancake máa ń ní ihò gígùn nínú ìyẹ́ rẹ̀, èyí tí a ń ki ìgbànú gbà. Nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti pátákó tí mo ti sọ, awọ ìdè méjì ni mo fi dípò ihò, mo fi síkúrù dè wọ́n mọ́ ìpẹ̀kun ìyẹ́ méjèèjì, wọ́n sì ń ṣí pẹ̀lú bọ́tìnì títẹ̀, irú èyí tí ó jẹ́ pé ìhà kan ṣoṣo ni ó ti ń ṣí, tí kì í tú bí nǹkan bá fà á láti ìhà mìíràn. Bí wọ́n ti wà ní ìpẹ̀kun ìyẹ́, àkọ̀ náà ṣì ń tẹ̀ mọ́ ara. Ẹ̀gbọ́n lè yọ àkọ̀ àti ìbọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì tì í mọ́ inú àpótí.

Mo fi ìdè kan sí i tí ó kọjá lẹ́yìn òòlù, tí àtàǹpàkò ń ṣí bí ọwọ́ bá ti di ìdí ìbọn mú, mo sì fi irin pẹlẹbẹ tínrín sínú rẹ̀ kí ó má baà rọ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé awọ tí a mọ dáadáa kò nílò ìdè. Lára ẹni tí ń rìn nínú ilé ìtajà, ó rí bẹ́ẹ̀; lára ẹni tí ń fo ọ̀gbà, tí ń dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ katakata, n kò gbà.

Mímọ pẹ̀lú omi

Mo ri àkọ̀ náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo sì yọ ọ́ nígbà tí ó ti mu omi wọlé. Omi gbígbóná kò dára, ó máa ń sún awọ kì, awọ náà a sì le gbagidi. Kí n tó ki ère ìbọn sínú rẹ̀, mo fi téèpù lẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ orí ọ̀pá rẹ̀, láti iwájú férémù dé ẹnu, kí ó lè lànà fún irin ìfojúsùn. Láìsí ọ̀nà yìí, irin náà yóò máa fá awọ ní gbogbo ìgbà tí a bá fa ìbọn. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́: awọ tí ó fá náà ni yóò há sára irin ìfojúsùn, tí yóò sì di ojú onítọ̀hún.

Mo fi ìka tẹ awọ mọ́ àgbá ọta, mo sì fi egungun dídán tẹ ìlà yí òrùka tírígà àti abẹ́ ọ̀pá ká. N kò tẹ ìlà wọnú kòtò àgbá ọta. Ó máa ń wu àwọn tí ń ta iṣẹ́ láti ṣe é, ó sì ń dára lójú, ṣùgbọ́n àgbá ọta lè yí díẹ̀ nígbà tí a bá ń ki ìbọn bọ àkọ̀, kòtò kì í sì í wà lójú kan náà. Awọ tí a tẹ̀ wọ ibẹ̀ yóò kàn máa dí ìfàjáde lọ́wọ́. Òrùka tírígà ni mo jẹ́ kí ó di ìbọn mú. Kí awọ tó gbẹ tán, mo tẹ ìyẹ́ méjèèjì kọrọdọ sórí ike róbótó tí ó tóbi tó ìbàdí, kí àkọ̀ lè ti gba ìrísí ara kí ó tó kan ara.

Ó gbẹ nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, láì sún mọ́ iná. Mo pa á ní aró ilẹ̀ dúdú, mo fi òróró pátákò màlúù pa á ní fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé òróró púpọ̀ máa ń sọ awọ di jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, mo dán etí rẹ̀ títí ó fi ń kọ mànà, mo sì fi ìpara tí kì í jẹ́ kí omi wọlé kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Ìgbànú

Mo ṣe ìgbànú tuntun pẹ̀lú rẹ̀, n kò sì bá ẹ̀gbọ́n jiyàn púpọ̀ kí wọ́n tó gbà. Ìgbànú ilé ìtajà tí a fi awọ kan ṣoṣo ṣe yóò tẹ̀ lábẹ́ kílò 1.3, bí ó bá sì ti tẹ̀, kò sí àkọ̀ tí ó lè gba ìbọn lọ́wọ́ àtifì. Ti tuntun yìí fẹ̀ ní íǹṣì 1.5, awọ méjì tí a rán pọ̀ ni, àwọn ìdè àkọ̀ sì fún mọ́ ọn pinpin láì sí àyè ìmì. Bí owó ènìyàn kò bá tó nǹkan méjì, kí ó ra ìgbànú rere ná.

Ìdánwò

A kó gbogbo ọta lọ sí yàrá mìíràn, a ṣí àgbá ọta, èmi àti ẹ̀gbọ́n sì wo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ìbọn gidi tó kan àkọ̀ náà. Mo dorí àkọ̀ kodò lórí bẹ́ẹ̀dì láì de ìdè rẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n, ìbọn kò sì jáde. Bí a bá fà á lẹ́yìn tí a ti ṣí ìdè, ó ń wá láì fa ìgbànú sókè, bọ́tìnì àgbá ọta kò sì yẹ̀. Ní kíkì í padà, mo ní kí ẹ̀gbọ́n máa gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀yìn òòlù: bí etí ṣẹ́ẹ̀tì tàbí ohunkóhun bá kọ́ tírígà, òòlù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, àtàǹpàkò yóò sì mọ̀ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí mo fi fẹ́ràn revolver fún irú iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Nínú ọkọ̀, ìdí ìbọn kọ́kọ́ ń kan ẹ̀yìn ìjókòó. A sún àkọ̀ síwájú díẹ̀, ó sì dúró lẹ́yìn egungun ìbàdí gan-an, níbi tí bẹ́líìtì ọkọ̀ ti ń kọjá níwájú rẹ̀ láì há mọ́ ọn. Rọ́bà tí ó wà ní ìdí ìbọn ń fa aṣọ mọ́ra bí ẹ̀gbọ́n bá nàró, a sì pààrọ̀ rẹ̀ sí igi dídán tí ó kúrú, tí aṣọ ń yọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí èyí mú wá lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì pọ̀ ju bí mo ti retí lọ.

Ní ti aṣọ, ṣẹ́ẹ̀tì àdìrẹ tí a kò ki bọ ṣòkòtò ni ó bò ó dáadáa jù, nítorí pé ọnà ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí ojú rí òjìji gbùngbù tí aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo máa ń fi hàn. Ẹ̀gbọ́n béèrè pé, "Bùbá àti ṣòkòtò ńkọ́, ní ọjọ́ ayẹyẹ?" Mo dá wọn lóhùn pé okùn ni ó ń de ṣòkòtò ìbílẹ̀ wa, okùn kò sì lè gbé kílò 1.3, àti pé níbi tí wọn yóò ti mu ọtí, tí wọn yóò ti jó, tí ọmọdé yóò ti máa gùn wọ́n lẹ́sẹ̀, inú àpótí irin nílé ni ìbọn yẹ kí ó wà. Wọ́n ní, "Ó ti tán."

Mo ti gbé bébà ìdíwọ̀n náà sórí páálí líle, mo sì kọ ohun tí yóò yí padà sára rẹ̀ fún ìbọn irú kan náà tí ọ̀pá rẹ̀ bá gùn ní íǹṣì 6: ìsàlẹ̀ yóò gùn sí i ní íǹṣì 2, ìdàgẹ̀rẹ̀ yóò dín sí bíi dígíríì 8 kí ẹnu ìbọn má baà yọ sẹ́yìn, ìyẹ́ àti ojú ìránṣọ yí àgbá ọta ká yóò sì dúró bí wọ́n ṣe wà.